Nauru: Ilé aṣòfin ló ń yan ààrẹ, iye ẹ̀yà ló sì wà lára ìràwọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ṣakí. Kíláàsì wa fẹ́ ṣe pátákó ńlá kan lórí orílẹ̀-èdè olómìnira kékeré tó jẹ́ erékùṣù, a sì mú Nauru. Ìwé kan sọ fún wa pé aráàlú ló ń dìbò yan ààrẹ níbẹ̀, ìwé kejì ní ilé aṣòfin ni. A tún rí èsì ìbò wọn tó ní ìdá lẹ́yìn, bí ẹni pé ènìyàn kan gba ìbò ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti ààbọ̀. Báwo ni ìbò ṣe ń di ààbọ̀? Àwòrán àsíá tí àwọn ọmọ mú wá náà kò bára mu: ìràwọ̀ wà lókè nínú òmíràn, ó wà nísàlẹ̀ nínú òmíràn, iye igun rẹ̀ kò sì dọ́gba. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ìwé kejì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Aráàlú Nauru kì í dìbò yan ààrẹ. Aṣòfin ni wọ́n ń yàn, àwọn aṣòfin ló sì ń mú ọ̀kan nínú ara wọn gorí àga ààrẹ. Ẹni tí wọ́n bá mú ni olórí orílẹ̀-èdè, òun náà ni olórí ìjọba. Kó lè tètè yé àwọn ọmọ, ẹ mú wọn padà sí Nàìjíríà láàárín 1963 sí 1966: Nnamdi Azikiwe ni ààrẹ, Tafawa Balewa ni olórí ìjọba, láti inú ilé aṣòfin sì ni àṣẹ Balewa ti wá. Ní Nauru, ipò méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní South Africa pẹ̀lú, ilé aṣòfin ló ń yan ààrẹ, nítorí náà kò yẹ kó ya àwọn ọmọ lẹ́nu.

Ohun tó yẹ kó yà wọ́n lẹ́nu ni bí orílẹ̀-èdè náà ti kéré tó, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí pátákó yín ti bẹ̀rẹ̀. Nauru wà láàárín Òkun Pàsífíìkì, ní gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, kò sì jìnnà sí ìlà náà tó digírì kan. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 21 péré. Ọ̀nà tó yí etíkun rẹ̀ ká kò ju bíi kìlómítà 19 lọ. Ènìyàn ibẹ̀ tó nǹkan bí 12,000. Erékùṣù tó sún mọ́ ọn jù ni Banaba, tí òun náà tó nǹkan bí 300 kìlómítà sí i. Níbi tí ènìyàn ti kéré tó báyìí, orí kọ̀ọ̀kan ló níye lórí. Ẹnì kan ṣoṣo lè gbé ìjọba wó. Iye orí tó kù láàyè ni ọjọ́ ńlá méjì tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún dá lé. Igun ìràwọ̀ àsíá wọn náà, orí ènìyàn ló ń kà. Bí ẹ bá fi èyí ṣe òpó pátákó yín, àwọn ọmọ kò ní máa há àwọ̀ àsíá sórí lásán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìbò. Ẹ̀ka ìlú 14 ni wọ́n pín erékùṣù náà sí, ṣùgbọ́n àgbègbè ìdìbò 8 péré ni wọ́n ní. Aiwo, Anabar, Anetan, Boe, Buada àti Yaren ń rán aṣòfin méjì méjì wá. Meneng ń rán mẹ́ta. Ubenide, tó kó Baiti, Denigomodu, Nibok àti Uaboe pọ̀, ń rán mẹ́rin. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 19. Anibare àti Ijuw ń dìbò pẹ̀lú Anabar, Ewa sì ń dìbò pẹ̀lú Anetan. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí àwọn tó bá rí orúkọ ẹ̀ka 14 lórí àwòrán ilẹ̀ máa ń rò pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní aṣòfin tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni sáà ilé. Ẹni tó bá ti pé ọmọ 20 ọdún ló ń dìbò, òfin sì sọ ọ́ di dandan.

Ìwé ìdìbò wọn kò dà bí tiwa. Níbẹ̀, olùdìbò kì í tẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kan kó sì máa lọ. Gbogbo olùdíje àgbègbè náà wà lórí ìwé, olùdìbò a sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ gbogbo wọn: 1 fún ẹni tó fẹ́ jù, 2 fún ẹni tó tẹ̀ lé e, títí dé orí ẹni tí kò fẹ́ rí rárá. Bí olùdíje bá jẹ́ mọ́kànlá, nọ́ńbà mọ́kànlá ni yóò kọ. Bó bá fo ẹnì kan, tàbí tó kọ nọ́ńbà kan náà fún ẹni méjì, ìwé náà ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn kò ní kà á.

Nígbà tí wọ́n bá ń kà á, nọ́ńbà 1 jẹ́ odindi ìbò kan. Nọ́ńbà 2 jẹ́ ìdajì, èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ bíi 0.5. Nọ́ńbà 3 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, 0.333. Nọ́ńbà 4 jẹ́ 0.25, nọ́ńbà 5 jẹ́ 0.2, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dín lọ. Wọ́n á ro gbogbo ohun tí olùdíje kọ̀ọ̀kan rí pọ̀. Bí àyè méjì bá ṣí sílẹ̀, ẹni méjì tí iye wọn pọ̀ jù ló wọlé. Kò sí pé à ń yọ ẹni tó gbẹ̀yìn kí á wá pín ìbò rẹ̀ fún àwọn tó kù, bí wọ́n ti ń ṣe ní Ọsirélíà. Ibi tí ìdá tí ẹ rí nínú èsì ti wá nìyí. Desmond Dowdall, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà fún ọ̀rọ̀ ìdájọ́ níbẹ̀, ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní 1971, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Ẹ ṣe ìṣirò kan pẹ̀lú àwọn ọmọ, kò ní gbà yín lákòókò. Ká ní àgbègbè kan fẹ́ yan aṣòfin méjì, olùdìbò jẹ́ 60, olùdíje sì jẹ́ mẹ́rin: A, B, D àti E. Ọgbọ̀n olùdìbò to orúkọ báyìí: A, D, B, E. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún to ó báyìí: B, D, A, E. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ní: E, D, A, B.

A ní odindi ìbò 30. Àwọn 30 tó kù fi í sí ipò kẹta, ìyẹn sì jẹ́ 10. Àpapọ̀ rẹ̀ di 40. B ní 15 odindi, ó rí 10 lọ́wọ́ àwọn 30 tó fi í sí ipò kẹta, ó sì rí 3.75 lọ́wọ́ àwọn 15 tó fi í sí ìkẹyìn: 28.75. E ní 15 odindi, àwọn 45 yòókù fi í sí ipò kẹrin, ìyẹn jẹ́ 11.25: 26.25. D kò ní nọ́ńbà 1 kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn 60 ló fi í sí ipò kejì: 30. A àti D ló wọlé. Kí àwọn ọmọ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè dá wọn lójú pé wọn kò ṣì í: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 125, nítorí ìwé kọ̀ọ̀kan ń pín 1 àti ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin jáde.

Ohun tí ìṣirò yìí ń fi hàn ni pé ẹni tí gbogbo ìlú fara mọ́ díẹ̀díẹ̀ lè wọlé ṣáájú ẹni tí àwọn kan fẹ́ràn gan-an tí àwọn yòókù kò sì fẹ́ rí. Ní àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, tí olùdíje máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àna olùdìbò, ètò tó dáa ni lójú tèmi. Ó ní ibi tó kù sí ṣá o. Àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà 1 àti 2 jẹ́ ìdajì ìbò, èyí tó wà láàárín nọ́ńbà 7 àti 8 kò sì tó ìdá kan nínú àádọ́ta. Olùdìbò tó bá fẹ́ dí ẹnì kan lọ́nà lè jù ú sí ìsàlẹ̀ pátápátá bó tilẹ̀ mọ̀ pé onítọ̀hún kúnjú òṣùwọ̀n, kí ẹni tirẹ̀ lè jìnnà sí i. Ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò kì í sábà sọ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn ní tòótọ́, òkè rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìdìbò, bí ìjọba ṣe ń dìde rèé. Àwọn 19 á pàdé, wọ́n á búra. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni láti yan abẹnugan ilé. Kò sí ohun mìíràn tó lè ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á dìbò yan ààrẹ láàárín ara wọn. Ààrẹ á wá mú ìwọ̀nba mínísítà nínú àwọn aṣòfin kan náà, kò lè lọ mú ẹni tó wà níta wọlé. Abẹnugan kò lè jẹ́ mínísítà, kì í sì í dìbò lórí ọ̀rọ̀ ilé àyàfi bí ìbò bá dọ́gba.

Mẹ́wàá nínú 19 ló ń gbé ìjọba ró, mẹ́wàá náà ló sì lè yọ ọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nauru. Ọ̀pọ̀ aṣòfin ló ń dá dúró fúnra wọn. Ní ibi tí ẹgbẹ́ ti lágbára, ẹni tó bá fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ìjọba ní ọ̀gá tí yóò bá a wí. Ní Nauru, kò sí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì péré lè dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìjọba ti ṣubú nìyẹn. Ohun tó sì fà á nìyí tí Nauru fi pààrọ̀ ààrẹ léraléra láàárín 1996 sí 2003. Nígbà tí ilé bá ti sọ pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ààrẹ àti àwọn mínísítà rẹ̀ mọ́, ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti yan ààrẹ tuntun. Bí ọjọ́ méje bá kọjá láìsí ààrẹ, ilé tú ká, gbogbo ìlú á tún padà lọ dìbò. Nínú oṣù kẹwàá 2023 ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Russ Kun; ilé yọ ọ́, David Adeang sì di ààrẹ ní ọjọ́ 30 oṣù náà, kí ilé má bàa tú.

Ẹ má fo ọdún 2010 nínú pátákó yín, nítorí òun ló ṣàlàyé ìdí tí àwọn aṣòfin fi jẹ́ 19. Láti ìgbà òmìnira, 18 ni wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n dìbò, àwọn 18 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìlú tún dá padà, mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìjọba, mẹ́sàn-án lòdì sí i. Ìhà kankan kò fẹ́ fi ẹni tirẹ̀ sílẹ̀ láti di abẹnugan, nítorí ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn kò ní dìbò mọ́, ìhà rẹ̀ á sì di mẹ́jọ. Wọ́n tún dìbò ní oṣù kẹfà, ọ̀rọ̀ náà kò yanjú. Marcus Stephen ni ààrẹ nígbà náà. Ó kéde ètò pàjáwìrì. Oṣù kọkànlá ni okùn náà tó tú, nígbà tí Ludwig Scotty gbà láti jẹ́ abẹnugan. Láti ìdìbò 2013 ni wọ́n ti fi aṣòfin kan kún ti Meneng kí iye náà má ṣe dọ́gba mọ́.

Ọdún 2010 kan náà ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìlú bóyá kí wọ́n tún ìwé òfin ṣe. Kí aráàlú máa yan ààrẹ fúnra wọn wà lára ohun tí àtúnṣe náà fẹ́. Ìlú kọ̀ ọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìwé yín àkọ́kọ́ ti ṣì í: ohun tí wọ́n dábàá ló kọ sílẹ̀ bí ohun tó ti ṣẹ.

Nípa ilé ẹjọ́, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ kọ. Láti 1976, bí ẹjọ́ kan bá ti ilé ẹjọ́ gíga Nauru jáde tí ẹnì kan fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn ẹjọ́ kan wà tó lè lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Ọsirélíà. Àdéhùn yẹn parí ní 2018, Nauru sì dá ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tirẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò ní ọmọ ogun; ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n ní. Owó Ọsirélíà ni wọ́n ń ná. Wọn kò sì ní olú ìlú tí òfin dárúkọ. Yaren ni ilé aṣòfin, ọ́fíìsì ìjọba àti pápákọ̀ òfuurufú wà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fi máa ń kọ Yaren. Lórí pátákó, ẹ kọ «Ibùjókòó ìjọba: Yaren», ẹ má kọ «Olú ìlú».

Ó wá ku àwọn àmì. Èmi ìbá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ méjì kí ń tó dé orí àsíá, nítorí láìsí wọn, ìràwọ̀ yẹn á kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́.

Ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ni ọjọ́ òmìnira, láti 1968. Wọn kò ṣàdédé mú ọjọ́ yẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Jàpáànì gba Nauru ní 1942, ní ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n kó 1,200 ọmọ Nauru lọ sí erékùṣù Truk láti lọ ṣiṣẹ́ ipá. Ebi àti àìsàn pa 463 nínú wọn. Àwọn 737 tó kù ni ọkọ̀ ojú omi kan gbé dé sílé ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní 1946. Hammer DeRoburt, tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ ní oṣù karùn-ún 1968, wà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ. Nígbà tí wọ́n ń yan ọjọ́ tí Nauru yóò gba ara rẹ̀, ọjọ́ ìpadàbọ̀ yẹn ni wọ́n mú.

Ọjọ́ kejì ni 26 oṣù kẹwàá, tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Angam. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àìsàn gágá pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní erékùṣù náà ní 1920. Ọ̀gágun Griffiths, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ fún Ọsirélíà, sọ pé bí iye ọmọ Nauru kò bá tó 1,500, ìran náà lè parẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí, wọ́n sì fi ọjọ́ tí iye náà bá pé ṣe ọjọ́ àjọ̀dún. Ó pé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1932, nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Eidagaruwo. Ogun tún gé iye náà kúrú, kò sì tún pé 1,500 mọ́ títí di 1949. Gbogbo ìlú kan tí ń dúró de ìbí ọmọ kan ṣoṣo: ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì yín bí wọ́n bá mọ orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní irú ọjọ́ àjọ̀dún bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ẹ wá wo àsíá. Aláwọ̀ búlúù ni gbogbo rẹ̀, ó dúró fún Òkun Pàsífíìkì. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kan là á láàárín ní ìbú, ìyẹn ni ìlà agbedeméjì ayé. Ìràwọ̀ funfun kan wà lábẹ́ ọ̀já náà, ní ìhà òpó. Nauru fúnra rẹ̀ ni ìràwọ̀ náà: ó wà lábẹ́ ìlà, bí erékùṣù náà ti wà ní gúúsù ayé. Igun méjìlá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà méjìlá tí wọ́n ti ìpilẹ̀ jẹ́: Deiboe, Eamwidara, Eamwidumwit, Eamwit, Eamgum, Eano, Eaoru, Emeo, Irutsi, Iruwa, Iwi àti Ranibok. Ẹ̀yà ìyá ni ọmọ ń jẹ́. Nítorí náà, bí obìnrin inú ẹ̀yà kan bá tán, ẹ̀yà náà ti tán nìyẹn, bí ọkùnrin rẹ̀ tilẹ̀ ṣì pọ̀. Irutsi àti Iwi ti parẹ́ báyìí. Wọn kò yọ igun wọn kúrò lára ìràwọ̀. Èyí ni ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo àsíá náà, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ orúkọ méjèèjì gàdàgbà sórí pátákó yín.

Bí ẹ bá fẹ́ yà á, ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Ẹ mú bébà tó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti 30 ní gíga. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ọ̀já sí àárín, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ẹ wọ̀n ọ́n láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, kí ìdajì méjèèjì dọ́gba. Fún ìràwọ̀, ẹ wọ̀n 15 sẹ̀ǹtímítà láti etí apá òsì àti 7 láti ìsàlẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ fi kọ́ńpáàsì ya òbìrí méjì láti ojú àmì náà: èyí tó tóbi kí ó ní 5 sẹ̀ǹtímítà láti àárín dé etí, èyí tó kéré kí ó ní 2.5. Ẹ fi protractor sàmì sí òbìrí ńlá ní digírì 30 sí 30, àmì 12 ni yóò jáde. Ẹ sàmì sí òbìrí kékeré náà ní 30 sí 30, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti digírì 15, kí àmì rẹ̀ bọ́ sí àárín méjì ti òde. Ẹ wá fa ìlà láti àmì òde sí àmì inú, láti inú sí òde, títí ẹ ó fi yí i ká. Ẹ nu àwọn òbìrí náà kúrò kí ẹ tó kùn ún. Bí kò bá sí protractor, ẹ má yí ẹnu kọ́ńpáàsì náà padà. Bó ti la ẹnu 5 sẹ̀ǹtímítà yẹn, ẹ máa fi gbá etí òbìrí ńlá náà lọ, ìgbà mẹ́fà péré ni yóò yí i ká, ẹ wá pín àlàfo kọ̀ọ̀kan sí méjì. Búlúù ni kí ẹ kùn gbẹ̀yìn ní àyíká ìràwọ̀, nítorí bí ẹ bá kọ́kọ́ kun búlúù, funfun kò ní bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Àwọn àwòrán tí kò bára mu tí àwọn ọmọ mú wá, ó dà bíi pé àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú wọn. Èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ wà lókè, wọ́n dorí àsíá kodò ni. Nítorí pé ọ̀já wà láàárín gbọọrọ, ìràwọ̀ nìkan ló ń sọ ibi tí orí wà, ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lè gbé e kọ́ sódì láìfura. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti gbé Nauru lọ sí àríwá ayé. Èyí tí igun ìràwọ̀ rẹ̀ kò pé méjìlá, ìràwọ̀ tó wà nílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí igun náà bá sì jẹ́ 24, àsíá Marshall Islands ni wọ́n rí, erékùṣù mìíràn nínú òkun kan náà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ fọ́tò aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú òpó ni, kì í ṣe àṣìṣe, ẹ̀yìn aṣọ ni ẹni tó ya fọ́tò dúró sí. Ṣùgbọ́n lórí bébà, ìhà òsì ni ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Àmì àṣẹ orílẹ̀-èdè náà ní asà tí wọ́n pín sí mẹ́ta. Apá òkè ní àmì tí àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ fi ń dúró fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, aláwọ̀ wúrà, lórí ohun tí wọ́n hun bí ẹní. Ìsàlẹ̀ lápá òsì ẹni tó ń wò ó, ẹyẹ frigate dúdú kan bà lé igi lókè ìgbì omi. Ẹyẹ òkun tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń mú tí wọ́n sì ń tù lójú láti ìgbà láéláé ni. Ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ̀ka igi tomano tó ní òdòdó. Ohun tí àwọn baálẹ̀ wọn ń lò nígbà ayẹyẹ ló yí asà náà ká: okùn imọ̀ ọ̀pẹ, ìyẹ́ ẹyẹ frigate àti eyín ẹja ekurá. Ìràwọ̀ onígun méjìlá wà lókè asà, ọ̀já tí wọ́n kọ Naoero sí wà lókè rẹ̀. Naoero ni orúkọ ilẹ̀ náà lẹ́nu àwọn ọmọ onílẹ̀. Àkọmọ̀nà wọn, «God's Will First», wà nísàlẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́: ìfẹ́ Ọlọ́run ni àkọ́kọ́.

Fọ́síféètì, òkúta tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, kò dé òkè asà yẹn lásán. Òun ni àwọn òyìnbó ń wà nílẹ̀ náà láti 1907 láti fi ṣe ajílẹ̀ fún oko Ọsirélíà àti New Zealand, títí tí bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún erékùṣù náà fi di gbágungbàgun òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ ń tán lọ, Ọsirélíà fi Curtis Island, ní etíkun Queensland, lọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó lọ síbẹ̀. Ní 1964, wọ́n kọ̀, nítorí wọn kò ní lè ṣe ìjọba ara wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ra ilé iṣẹ́ ìwakùsà náà ní mílíọ̀nù 21 dọ́là Ọsirélíà. Ní 1989, wọ́n pe Ọsirélíà lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé lórí ilẹ̀ tí wọ́n bàjẹ́ kí òmìnira tó dé. Ní 1993, Ọsirélíà gbà láti san mílíọ̀nù 107 dọ́là, wọ́n sì yanjú rẹ̀ níta kóòtù. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá béèrè ìdí tí orílẹ̀-èdè fi gbé ohun tó ba ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sókè asà, ẹ sọ fún un pé ohun kan náà ló bọ́ wọn, òun ló sì gbé ẹjọ́ wọn dé ilé ẹjọ́ àgbáyé.

Orin orílẹ̀-èdè wọn ni Nauru Bwiema. Margaret Hendrie ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Laurence Henry Hicks ló fi ohùn sí i, ọdún òmìnira ni wọ́n sì gbà á. Kí ẹ kọ orúkọ méjèèjì, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń dárúkọ ẹni tó fi ohùn sí i nìkan. Bí àyè bá ṣẹ́ kù lórí pátákó yín, ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ni kí ẹ fi kún un, Ọjọ́ Ìwé Òfin. Ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 1968 ni àpéjọ wọn fọwọ́ sí ìwé òfin náà, ọjọ́ méjì ṣáájú òmìnira, wọ́n sì tún un ṣe ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Ọjọ́ kejì yìí ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀, kí àwọn ọmọ má ṣe kọ ọjọ́ 29 sí i.